Ìgò Mẹ́fà àti Ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aró

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejì, àwa mẹ́rin wọ ọkọ̀ láti Ìjú lọ sí Òkè-Aró. Màmá ti gún iyán dè wá. Ó se ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí, ó sì pa adìyẹ kan sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá tí à ń sọ yìí ni ìyá ọ̀kan nínú wa. Kò sẹ́ni tó ní kí ó pa adìyẹ. Ó pa á nítorí pé ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ń ṣe abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ kú mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, iyán náà dára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ lọ́fun wa. Abẹ́rẹ́ kankan kò sí lọ́wọ́ wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ìgò mẹ́fà tó ti ṣófo, ìwé ìwádìí àṣekágbá olójú ìwé 53, àti ọ̀rọ̀ kan tí a kò mọ bí a ó ṣe sọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ Òkè-Aró mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ló sọ ibẹ̀ di olókìkí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ ló wà, níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Èkó ti pààlà. Àwọn ìwé ìròyìn a máa pe oko ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe oko ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló pín in láàárín ara wọn, ilé ẹlẹ́dẹ̀ tèmi fara ti tìẹ, ògiri kan ló wà láàárín wọn. Ẹ óò gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i, ẹ óò sì rí owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ nínú òórùn náà. Owó ilé ìwé ọ̀rẹ́ wa wà nínú rẹ̀.

Ní 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń sá fún kòrónà, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ Òkè-Aró. Ibà yìí kì í ṣe àlejò ní kọ́ńtínẹ́ǹtì wa. Ní Kenya ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé, ní 1921. Ní 1997 ó jà ní Benin, ó sì ré ààlà kọjá sọ́dọ̀ wa. Kì í ran ènìyàn, ẹni tó bá jẹ ẹran náà kò ní ṣàìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, bóyá ni yóò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ara ẹran á gbóná, etí á pupa, kò ní jẹun mọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti tán. Fáírọ́ọ̀sì náà a sì máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran, ìdí nìyẹn tí fífọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò fi tó.

Ọ̀rẹ́ wa wà ní SS2 nígbà náà. Ilé ìwé wà ní títì, nítorí náà ó rí gbogbo rẹ̀. Ó rí katakata tó ń gbẹ́ kòtò. Ó rí àwọn bàbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti òkú ẹlẹ́dẹ̀ lọ síbi kòtò náà láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ Màmá jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì parí, kò ku ọ̀kan. Màmá padà sídìí títa eèrí àti gàrí, ọ̀rẹ́ wa sì wọ yunifásítì lẹ́yìn ọdún kan tí kò yẹ kó fi dúró sílé.

Bí a ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ní ká mú àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá wá, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan lórí ibà ẹlẹ́dẹ̀." Ọ̀gá wa tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní kò burú, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ ilé ìwé ń fọwọ́ kàn. Ó ní ká lọ ka ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń fi sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ṣe purotéènì fáírọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí a ṣe sọ ọ́ fún Màmá. Alágbàṣe ni sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ sínú ìwé fún un ló ń ṣe, ìwé náà sì ni jíìnì. Bakitéríà náà jẹ́ alágbàṣe. Ó yára, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ a máa rí wúruwùru nígbà mìíràn. Purotéènì dà bí gèlè. Bí a kò bá wé e bó ṣe yẹ kí a wé e, aṣọ lásán ni, kì í ṣe gèlè. Sẹ́ẹ̀lì kòkòrò mọ gèlè wé ju bakitéríà lọ, nítorí pé ẹranko ni kòkòrò, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sún mọ́ tiwa.

Ẹni tó ń gbé ìwé iṣẹ́ náà wọlé ni fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní baculovirus. Nínú oko, ìdin ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń pa. Kí ìdin tó kú, fáírọ́ọ̀sì á ti lò ó láti kan àpótí kéékèèké tí yóò sá pamọ́ sí lórí ewé, kí oòrùn má baà pa á, títí ìdin mìíràn yóò fi wá jẹ ewé náà. Polyhedrin ni orúkọ purotéènì tó fi ń kan àpótí yìí, ó sì máa ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n nínú ìgò láàbù, kò sí oòrùn, kò sí òjò. Àpótí kò wúlò mọ́. Ohun tí Max Summers àti Gale Smith lò nìyẹn ní yunifásítì Texas A&M. Wọ́n yọ jíìnì àpótí kúrò, wọ́n fi jíìnì mìíràn sí ipò rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì ń ṣe ohun tuntun náà bí ẹni ń kan àpótí. Ní 1983 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ti bá wọn ṣe interferon ti ènìyàn.

Ọ̀nà tí wọ́n là yẹn ti di títì márosẹ̀ báyìí. Cervarix, abẹ́rẹ́ àjẹsára fún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, gba ibẹ̀ jáde. Flublok, abẹ́rẹ́ fún àìsàn flu tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013, gba ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ kòrónà ti Novavax náà gba ibẹ̀, Gale Smith ọdún 1983 yẹn sì wà lára àwọn tó ṣe é. Èyí tó mú ká fò sókè ni pé ẹlẹ́dẹ̀ náà ti jẹ àǹfààní rẹ̀: láti 2006 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ti wà lọ́jà fún àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ tí circovirus ń fà, sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ló sì ṣe purotéènì inú rẹ̀.

A wá bèèrè pé kòkòrò wo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Thomas Grace, ní Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ mú kí sẹ́ẹ̀lì kòkòrò máa bí sí i nínú ìgò láìdáwọ́ dúró. Inú ilé ẹyin àfòpiná kan ló ti mú wọn, ní 1962. Omi oúnjẹ tí gbogbo ayé fi ń bọ́ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ní 1977, Vaughn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beltsville, ìpínlẹ̀ Maryland, ṣe irú rẹ̀ láti inú ilé ẹyin àfòpiná mìíràn tó ń jẹ́ Spodoptera frugiperda. Ìran sẹ́ẹ̀lì yẹn ni wọ́n ń pè ní Sf21. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti wá ṣa Sf9, tó wà ní láàbù káàkiri ayé lónìí.

Ọ̀kan nínú wa tẹ orúkọ Spodoptera frugiperda sórí fóònù, ó sì pariwo. Ìdin tó ń jẹ àgbàdo ni! Fall armyworm! Àmẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2016 àwọn onímọ̀ IITA kéde pé ó ti dé Nàìjíríà, Benin, Tógò àti São Tomé. Láti ìgbà náà kò sí àgbẹ̀ àgbàdo tí kò mọ̀ ọ́n. Inú ọkàn àgbàdo ló ń wọ̀ sí, yóò jẹ ewé láti inú wá, yóò sì fi ìgbẹ́ tó dà bí eruku ìdí ayùn sílẹ̀. Nígbà tó dé, oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbówó lórí, nítorí àgbàdo gbówó lórí. Kòkòrò tó ti kọ́kọ́ jẹ Màmá lówó ló wá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń ṣe abẹ́rẹ́.

Sf9 tí wọ́n ń tà lókè òkun kì í ṣe ohun tí owó wa ká. Inú nitrogen olómi tó tutù dé -196 ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, owó kíkó rẹ̀ wálé nìkan ju owó ilé ìwé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ọ̀rẹ́ wa ní: "Ṣebí kòkòrò náà wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìran tiwa." Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó ní ká gbìyànjú, ṣùgbọ́n ká má sọ fún ẹnikẹ́ni pé yóò ṣeé ṣe. Gbólóhùn kejì yẹn ni a kò gbọ́ dáadáa. Ọ̀rẹ́ wa pe ilé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Àwa yòókù wà níbẹ̀, a gbọ́ ọ, a kò sì ní kí ó yí i padà. Ó dùn létí àwa náà.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì wà lóko, a lọ ṣa ìdin ní oko kan nítòsí Òkè-Aró. A kó wọn sínú ike lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé bí méjì bá wà pọ̀, ọ̀kan á jẹ èkejì. A fi ewé àgbàdo bọ́ wọn títí wọ́n fi wọ inú iyẹ̀pẹ̀ lọ sùn kí wọ́n tó di àfòpiná. Pupa ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó ń sùn yìí. Nígbà tí a sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ wa, ó ní: "Òótọ́ ni, ó pupa." A kò lè ṣàlàyé mọ́, nítorí pé ó pupa lóòótọ́.

A fi sípíríìtì wẹ̀ wọ́n, a là wọ́n lábẹ́ maikirosikóòpù, a yọ ilé ẹyin wọn, a gé e wẹ́wẹ́, a pín in sínú ìgò mẹ́fà pẹ̀lú omi oúnjẹ Grace. Ohun rere kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò fún irú àwa tí nǹkan kò tó. Sẹ́ẹ̀lì ẹranko ọlọ́mú a máa fẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú gáàsì sí i lójoojúmọ́, sẹ́ẹ̀lì kòkòrò kò fẹ́ gáàsì. Kìkì pé kí ibi tó wà má ju ìwọ̀n 27 lọ ló ń fẹ́. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ń dá iná sí i kó lè móoru tó ìyẹn. Ní tiwa, ńṣe là ń tù ú lára. Nígbà tí iná bá lọ, a ó kó ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú kúlà, a ó fi pure water tó ti dì há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tẹmómítà, a ó sì pín òru jókòó tì í.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a rí sẹ́ẹ̀lì tó ti jáde lára ẹran, tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò, roboto, wọ́n ń dán. A ya fọ́tò. A fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa, a fi ránṣẹ́ sí Màmá náà. Ní ọjọ́ kejìlá, ìgò kejì bu bí búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ìgò kẹta. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìgò kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ti di funfun. Ìgò kìíní nìkan ló mọ́. Ó wà láàyè fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì, díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pín sí méjì lójú wa, ṣùgbọ́n kò kún ìgò rí. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n kàn dáwọ́ dúró, wọ́n sì tú kúrò ní ìsàlẹ̀ ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú iṣẹ́ báyìí a máa gba ọ̀pọ̀ oṣù kí sẹ́ẹ̀lì tó di ìran. Tiwa kò dé ibẹ̀.

Ìwé tí à ń kà lóru ìdí kúlà ló tún wá já wa jù. Àwọn onímọ̀ ti fi baculovirus ṣe purotéènì ibà ẹlẹ́dẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ní 1998, àwọn ará Sípéènì fi p30 àti p54 gún ẹlẹ́dẹ̀, ó dáàbò bo díẹ̀ nínú wọn. Ní 2004, àwọn mìíràn fi wọ́n pọ̀ mọ́ p72 àti p22, kò dáàbò bò wọ́n. Fáírọ́ọ̀sì náà tóbi, ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, purotéènì méjì mẹ́ta kò tó láti dá a dúró. Vietnam ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ fún un, ní 2022, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ààyè tí wọ́n yọ jíìnì kan nínú rẹ̀ ni wọ́n lò, kì í ṣe iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì kòkòrò. Ibi tí p30 ti wúlò ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: a lè fi mọ̀ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ kan ti pàdé ibà náà rí tó sì yè é. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra abo ẹlẹ́dẹ̀ láti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́rẹ́. Bí ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tilẹ̀ yè, a kì bá tí ní abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí.

Ohun tí a lọ sọ ní Òkè-Aró nìyẹn. Kí Màmá tó jẹ́ ká wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Sátidé náà, ó ní ká bọ́ bàtà, ká ti ẹsẹ̀ bọ omi Izal, ká wọ sílípáàsì tó wà níbẹ̀. A rò pé nítorí ìmọ́tótó ni. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rẹ́ wa dọ̀bálẹ̀. Àwa yòókù náà dọ̀bálẹ̀, èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wa kúnlẹ̀. A ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Abẹ́rẹ́ kò sí. A ti mọ̀ láti oṣù Kọkànlá, a kò rí ẹnu sọ ọ́." A sọ gbogbo rẹ̀, ti ìdin, ti ìgò, ti kúlà.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ wa wò kò bèèrè.

"Ìgò kejì ló kọ́kọ́ bàjẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Báwo lẹ ṣe ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Láti ìkínní dé ìkẹfà, mà. Ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé."

"Pẹ̀lú ọ̀pá ìfami kan náà?"

A wo ojú ara wa. Pípẹ́ẹ̀tì kan náà ni. A ń fi sípíríìtì nù ún lẹ́nu, a sì gbà pé ó tó, nítorí pé àwọn tuntun wọ́n. Ìgò kìíní ló kọ́kọ́ ń jẹun, ìdí nìyẹn tó fi yè.

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀yin náà ti di ará Òkè-Aró."

Ó wá sọ ti 2020 fún wa bí ọ̀rẹ́ wa pàápàá kò ṣe gbọ́ ọ rí. Ó ní akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan ni ilé mẹ́rin ń yá lọ́wọ́ ara wọn. Ó ní alápatà á wọ ilé tèmi pẹ̀lú bàtà tó fi jáde nílé tìẹ, ọ̀bẹ kan náà, okùn kan náà. Ó ní nígbà tí ẹran àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, wọ́n sáré tà á kí ó tó kú, ẹni tó rà á sì gbé e gba àárín gbogbo wa kọjá. "Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ẹnì kejì," ó ní, "àmọ́ ọ̀pá kan náà la fi bọ́ gbogbo ìgò."

Lẹ́yìn náà ló mú wa lọ sẹ́yìn ilé. Abo ẹlẹ́dẹ̀ méjì àti akọ kan wà níbẹ̀, nínú ilé tuntun tó dá dúró, tí ó mọ ògiri yí ká. Kì í yá akọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Alápatà kì í wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń gba ẹran. Kò dúró de abẹ́rẹ́ wa. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó kàn fẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà bá a níbẹ̀ ni.

A ń kọ èyí fún ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ní ẹ̀ka wa, nítorí pé ọ̀gá wa ti gbà kí ẹlòmíràn tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Ìwé wa wà ní láàbù, gbogbo àṣìṣe wa wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdin kò wọ́n, ẹ óò rí i nínú oko àgbàdo èyíkéyìí. Ohun tó wọ́n ni iná tí kò ní lọ, sùúrù ọ̀pọ̀ oṣù, àti kí ìgò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, páálí pípẹ́ẹ̀tì kan kò kéré. Bí ẹ bá sì ní ìyá tàbí bàbá nílé tó ń retí iṣẹ́ yín, ẹ tètè sọ ibi tó dé fún wọn. A fi oṣù mẹ́ta dákẹ́ nítorí ìtìjú, ìdáhùn sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí à ń tijú fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Màmá pè. Ọ̀kan nínú abo ẹlẹ́dẹ̀ náà ti bí mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló yè. Kò bi wá léèrè abẹ́rẹ́. Ó ní ṣé a ti ra ọ̀pá mẹ́fà.